Sátidé Tí Àwọn Ẹyin Àbẹ̀kẹ́ Pa

Ọmọ mi obìnrin ní ìwé kan tó fi ń ṣọ́ àwọn ẹyẹ kánárì wa. Aago ló ń kọ sí ọwọ́ òsì, ohun tó bá rí ló ń kọ sí ọwọ́ ọ̀tún, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò: "Àbẹ̀kẹ́ dìde. Ó mu omi. Ó padà." Inú ìwé yẹn, àti àwọn fọ́tò inú fóònù mi tí aago wà lára wọn, ni mo ti to ọjọ́ yìí jọ. Sátidé kan ní àárín oṣù kẹjọ ni, nílé wa ní Tema, ọjọ́ tó yẹ kí ẹyin mẹ́rin tó wà lábẹ́ Àbẹ̀kẹ́ pa.

Olóhùn-Iyọ̀ ni àwọn ọmọ sọ akọ. Àwọ̀ ìyeyè ni gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ ní àbàwọ́n àwọ̀ ewé ní apá méjèèjì, irú àwọ̀ tó wà lára àwọn baba ńlá wọn tí wọ́n ṣì ń gbé nínú igbó ní erékùṣù Canary, Madeira àti Azores. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń sin wọ́n ní Ashaiman ni a ti rà wọ́n. Inú kéèjì ni wọ́n bí wọn sí, inú kéèjì ni wọ́n bí ìyá wọn àti ìyá ìyá wọn sí. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ bí nílé wa ti dá dúró, wọ́n wà nínú kéèjì gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòbí wọn.

Èmi ni mo yan oṣù kẹjọ fún ìsàba yìí. Ní ìgbà yìí, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun rú wá sókè ní etíkun Gánà, afẹ́fẹ́ á tutù, ìkùukùu á bo oòrùn. Nínú oṣù kẹta, ooru inú yàrá lè mú kí abo dìde lórí ẹyin kó máa mí gúlegúle, kó má padà mọ́.

Aago 5:00 ìdájí

Iná tó wà lókè kéèjì tàn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ló ń tàn án láago márùn-ún ìdájí, òun náà ló ń pa á láago méje alẹ́, kí ọjọ́ àwọn ẹyẹ lè tó wákàtí 14.

Ẹni tó bá fẹ́ kí kánárì bímọ ní Tema gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ti ìmọ́lẹ̀ yìí yé. Gígùn ọjọ́ ni ẹyẹ yìí fi ń mọ àkókò. Ní erékùṣù tí ìran wọn ti wá, ọjọ́ tó gùn jù lọ nínú ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 14, èyí tó kúrú jù lọ kò ju bíi 10 àti ààbọ̀ lọ. Bí ọjọ́ bá ti ń gùn, ara akọ á yá sí orin, abo á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú kiri. Tema kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Láàárín ọjọ́ tó gùn jù níbí àti èyí tó kúrú jù, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹyẹ tó bá ń retí kí ọjọ́ gùn lè máa retí títí. Nítorí náà la ṣe ń fi iná mú ọjọ́ gùn fún un. A kì í sì í ṣe é lójijì. Ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ la fi ń bù kún un lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, bí oòrùn ì bá ti ṣe é.

Ọmọ mi ti jí kí iná tó tàn. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi aṣọ òtútù bora. Nígbà tí mo wọlé, ó gbé ìka sí ẹnu, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó. Ó ń tẹ́tí sí abẹ́ ara rẹ̀." Lóòótọ́ ni. Àbẹ̀kẹ́ gbé àyà sókè díẹ̀, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó dúró bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ló fi àgógó rọra tún nǹkan tò lábẹ́ ara rẹ̀, ó sì jókòó padà. Ọmọ inú ẹyin máa ń dún kí ó tó jáde, ìyá rẹ̀ á sì gbọ́ ọ. A kò gbọ́ ohunkóhun ní tiwa.

Aago 6:10 òwúrọ̀

Ìdajì èèpo ẹyin kan wà nílẹ̀ kéèjì, ó mọ́, igun rẹ̀ rí gééré bí ẹni fi abẹ gé e yíká. Abo ló gbé e jù sílẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ ti jáde.

Kánárì kì í yé ẹyin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyọ kan láràárọ̀ ni, títí á fi pé mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí márùn-ún. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sàba kí ẹyin tó pé, èyí àkọ́kọ́ á sì pa ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú àbíkẹ́yìn. Nínú ìtẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀, ọmọ tó fi ọjọ́ mẹ́ta ju àbúrò rẹ̀ lọ á ti tóbi débi pé òun nìkan ni ẹnu rẹ̀ á máa tó oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin kánárì fi máa ń mú ẹyin láràárọ̀, tí wọ́n á fi ẹyin oníke dípò, tí wọ́n á tọ́jú ojúlówó sínú òwú, tí wọ́n á sì dá gbogbo rẹ̀ padà nígbà tí ẹ̀kẹrin bá dé. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti dá wọn padà ni a ti ń ka ọjọ́ 13 tàbí 14 tí ìsàba máa ń gbà.

Olóhùn-Iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ orin. Kì í ṣe pé ó mọ̀ pé ọmọ ti dé. Ojúmọ́ ló mọ́. Láti orí igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn ògiri wa, ìbákà ìgbẹ́ kan dá a lóhùn, bó ti máa ń ṣe láràárọ̀. Orin tirẹ̀ kúrú, ó sì yá. Ìyẹn ni ẹyẹ ilẹ̀ wa, tó ní ìlà ìyeyè lókè ojú àti ìlà dúdú lẹ́bàá ẹnu. Ẹbí kan náà ni wọ́n, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn láàárín wọn.

Aago 6:30

Oúnjẹ ọmọ. Ẹyin adìyẹ kan tí a sè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó lé, tí a fi ṣíbí tẹ̀ pẹ̀lú èérún búrẹ́dì gbígbẹ títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ tutù jù, kò gbọdọ̀ gbẹ jù. Ṣíbí kékeré kan là ń gbé síwájú wọn, èyí tó bá sì kù lẹ́yìn wákàtí méjì, a ó kó o dànù, ì báà jẹ́ ẹyọ kan. Ẹyin a máa bàjẹ́ kíá létí òkun, inú ọmọ ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò sì lè gbà á.

Nínú abọ́ kejì ni hóró wà. Hóró kánárì gidi, èyí tó ń ti òkè òkun wá, wọ́n lówó lórí, nítorí náà jéró àti yànmọ̀tí díẹ̀ la fi ń lú u. Àwọn mìíràn tó ń sin kánárì máa ń rẹ hóró sómi kí ó hù díẹ̀ kí wọ́n tó fi bọ́ ọmọ. Mo fara mọ́ ọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù tí ìrì pọ̀ báyìí, hóró tó rẹ máa ń yára bu, mi ò sì gbà á láyè.

Bàbá wọn jáde lọ sí èbúté ẹja. Mo ní kí wọ́n bá wa wá eegun. Àwọn apẹja Tema máa ń kó ẹja kan wálé tí àwọn òyìnbó ń pè ní cuttlefish, òkè òkun ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ó ní eegun funfun kan ṣoṣo lẹ́yìn, fúyẹ́fúyẹ́. Ní ìlú òyìnbó, inú páálí ni wọ́n ń tà á fún ẹyẹ. Níbí, àwọn ìyá tó ń fọ ẹja a máa dà á nù. Abo kánárì nílò rẹ̀ gan-an, nítorí láti inú ara rẹ̀ ló ti ń yọ èèpo ẹyin mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Aago 8:05

Èèpo kejì. Ọmọ mi fa ìlà pupa méjì sábẹ́ aago yẹn nínú ìwé.

Àbẹ̀kẹ́ dìde fún ìgbà díẹ̀, a sì rí wọn: ara pupa tó hàn gbangba, ojú dídì, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun lórí. Ọmọ kánárì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò wúwo ju gíráàmù kan àti ààbọ̀ lọ. Kò lè ṣe nǹkan kan àfi kó na ọrùn, kó la ẹnu.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ báyìí, akọ kì í sábà bọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Ó lọ sídìí abọ́ ẹyin, ó jẹ, ó fò wá sí etí ìtẹ́, ó sì pọ̀ ọ́ sí abo lẹ́nu. Abo gbọn ìyẹ́ bí ọmọdé tó ń bẹ̀bẹ̀, ó gbà á, ó gbé e mì, ó sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà ló dìde tó tún pọ̀ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu, kínńkínní. Ọmọ mi kọ ọ́ pé láti aago mẹ́jọ ó lé ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni akọ wá. Akọ tó bá kọ̀ láti bọ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà yìí, àfi kí a mú un kúrò, nítorí pé ebi ni yóò lé abo kúrò lórí ìtẹ́, òtútù á sì pa àwọn ọmọ. Olóhùn-Iyọ̀ kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún orin, ṣùgbọ́n ìwà yìí ni mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin, tó kéré, fẹ́ fọwọ́ kan wọn. A ní kò gbọdọ̀. Ó sunkún.

Aago 9:40

A pa omi dà. A fọ abọ́. A já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ nínú ọgbà, a ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nǹkan kan láti sọ nípa wákàtí yìí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ nínú ẹyẹ sínsìn nìyí: omi, abọ́, ilẹ̀ kéèjì, lójoojúmọ́.

Aago 10:50

Mo fẹ́ din ẹja fún ọ̀sán. Nílé wa, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti yí ilé ìdáná padà pátápátá. Àdògán wa ti kúrò ní ẹ̀yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó ti lọ sí ìkangun àgbàlá, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ èéfín rẹ̀ sí ojú ọ̀nà, kì í ṣe sí fèrèsé àwọn ẹyẹ.

Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò rí bí tiwa. Tiwa ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ó ń lé e jáde lójú ọ̀nà kan náà. Ti ẹyẹ ní àpò afẹ́fẹ́ káàkiri inú ara, débi pé afẹ́fẹ́ tuntun ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá nígbà tó ń mí sínú àti nígbà tó ń mí síta. Ohun tó ń jẹ́ kó lè fò nìyẹn. Ohun tó tún ń jẹ́ kí májèlé inú afẹ́fẹ́ tètè pa á nìyẹn. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Scotland kan tó ń jẹ́ John Scott Haldane dábàá pé kí àwọn awakùsà èédú máa gbé ẹran kékeré sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ihò, kí ó lè kìlọ̀ fún wọn nípa carbon monoxide, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Kánárì ni wọ́n wá yàn. Bí ẹyẹ bá ti ṣubú lórí igi tó bà lé, awakùsà mọ̀ pé kí òun sá. Ọdún 1986 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó kéde pé ẹ̀rọ ni yóò rọ́pò wọn.

Gáàsì yẹn kan náà ni èédú inú àdògán ń tú jáde. Ọ̀pọ̀ ilé ní Tema ló ń fi èédú dáná, àwọn mìíràn a sì máa gbé àdògán wọlé nígbà òjò. Ohun tó lè pa kánárì nínú yàrá bẹ́ẹ̀ ń ṣe àwọn ènìyàn inú rẹ̀ níbi náà, ó kàn ń falẹ̀ ni. Mo ti sọ èyí fún àwọn ará àdúgbò títí ẹnu ń ro mí, mi ò sì ní dákẹ́.

A kò tún ń lo páànù dídíndín tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, nítorí bó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ lè pa gbogbo ẹyẹ inú ilé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A kì í fín oògùn ẹ̀fọn, a kì í sì í dáná sí èyí tó ń rú. Nẹ́ẹ̀tì la fi ń bo kéèjì lálẹ́, nítorí ẹ̀fọn gan-an lè kó àrùn ìléròrò ẹyẹ ràn wọ́n. Píà náà wà lára àwọn ọ̀tá wa: èso dídùn tó kún ojú ọ̀nà Tema, kò gbọdọ̀ dé ẹnu kánárì rárá.

Aago 12:04

Oòrùn wà lókè gan-an. Ìlà Greenwich gba inú Tema kọjá, nítorí náà aago wa àti ọ̀sán gangan kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Òkè ìkùukùu ni oòrùn wà. Ìwọ̀n ooru inú yàrá ẹyẹ: 27. Àbẹ̀kẹ́ ń sùn lórí àwọn ọmọ rẹ̀.

Aago 1:35 ọ̀sán

Ọmọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó gbé agbọ̀n onírin kékeré kan lọ́wọ́, ó fi àkísà bò ó. "Auntie, ẹ káàsán. Wọ́n ní ẹ máa ń ra ẹyẹ."

Ó ṣí àkísà. Ìbákà ni. Akọ, nítorí ìyeyè àyà rẹ̀ dán. Ó ń gbá orí mọ́ irin, ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó tún ń gbá a. Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ méjì ti já. Àtè ló fi mú un, ó sì ṣì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kan díẹ̀. Ogún sídì ló ń tà á.

Ọmọ mi ti dé ẹ̀yìn mi. Ó fà mí láṣọ. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà á, ká tú u sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn le, nítorí àánú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rà á. Ogún sídì tí mo bá san lónìí yóò di àtè tuntun lórí igi dóńgóyárò lọ́la. Ẹni tó ń ra ẹyẹ ìgbẹ́ torí àánú àti ẹni tó ń rà á torí ọ̀ṣọ́, owó kan náà ni wọ́n ń san fún ẹni tó dẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó ìbákà láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Yúróòpù, nínú àpótí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n fi ń tà á lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kánárì. Ìgbà tí àrùn adìyẹ dé ni European Union fi òfin dá ìkówọlé ẹyẹ ìgbẹ́ dúró ní ọdún 2005, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin tí kò lópin ní ọdún 2007. Ìbẹ̀rù àrùn ló ṣe é. Mi ò bìkítà nípa ìdí rẹ̀. Inú mi dùn pé ó ṣẹlẹ̀.

Mo pe ọmọkùnrin náà wọlé, mo ní kó bọ́ bàtà. Mo sọ fún un pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá, òfin Gánà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pa tàbí mú ẹran ìgbẹ́ kankan, àfi òyà nìkan, òyà pàápàá sì nílò ìwé àṣẹ. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo gbà á gbọ́. Ìgbà tí ẹranko ń tọ́ ọmọ ni wọ́n ya oṣù wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ fún. Mo mú un dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹyẹ, mo ní kó wo Àbẹ̀kẹ́, kó wo bí akọ ti ń lọ tó ń bọ̀. Mo ní, "Ó ṣeé ṣe kí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ti ń gbé oúnjẹ lọ fún irú èyí nígbà tí àtè mú un."

Ó dákẹ́. Ó bi mí pé kí ló dé tí tèmi fi wà nínú kéèjì, bó bá jẹ́ pé kò dáa.

Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, mo sì dá a lóhùn bí mo ti mọ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún ni kánárì ti ń gbé lọ́dọ̀ ènìyàn, láti ìgbà tí àwọn ará Sípéènì ti ń kó wọn kúrò ní erékùṣù wọn. Ìgbẹ́ kò sí lórí wọn mọ́. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn fún Olóhùn-Iyọ̀ ní Tema, àṣá tàbí ebi ni yóò pa á kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Gbèsè wà lọ́rùn wa fún irú ẹyẹ tí a ti sọ dà báyìí: ààyè tó fẹ̀ tó láti fò, oúnjẹ, ẹlẹgbẹ́, àti ẹni tí kò ní gbàgbé omi wọn. Ìbákà kò jẹ wá ní nǹkan kan. Kò yẹ kí a wá gbèsè tuntun kún ti àtijọ́.

A fi òróró díẹ̀ yọ àtè kúrò lẹ́sẹ̀ ẹyẹ náà. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣí agbọ̀n lẹ́yìn ilé. Ìbákà fò kọjá orí dóńgóyárò láìdúró, ó sì gba ọ̀nà Sakumono lọ. Mo bu oúnjẹ fún ọmọkùnrin náà. Mo sì ṣèlérí fún un pé bó bá ń wá ní Sátidé láti bá wa fọ kéèjì, tó sì mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó pa lónìí á jẹ́ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó jẹun tán, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Owó ló wá wá, ó sì padà láìrí i gbà.

Aago 3:15

Nínú kéèjì gígùn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àkọ́bí ń kọ́ orin. Kì í ṣe orin tó dá ṣáká. Ó di ojú ìdajì, ó wú ọ̀fun, ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ sínú, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Láti inú ìkùn yẹn la fi mọ̀ pé akọ ni. Abo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò máa gbìyànjú, yóò máa sọ èyí nù, yóò máa di ìyẹn mú, títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí orin rẹ̀ tó dúró. Ẹ̀gbẹ́ baba rẹ̀ ni mo gbé kéèjì rẹ̀ sí nítorí pé etí ló fi ń kọ́ ọ.

Àwọn tó sin kánárì fún orin ti mọ èyí tipẹ́. Lórí òkè Harz ní Jámánì, àwọn awakùsà sọ sísin kánárì olórin di iṣẹ́ ìdílé, wọ́n a gbé ọmọ ẹyẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá olórin kó lè gbọ́ ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nípa orin yìí ṣẹlẹ̀ ní New York. Fernando Nottebohm, ọmọ Argentina tó ń ṣiṣẹ́ ní Rockefeller University, rí i pé apá ọpọlọ tí akọ kánárì fi ń kọrin a máa tóbi nígbà orin, a sì máa súnkì nígbà tí kò bá kọrin. Ní ọdún 1983, òun àti Steven Goldman kọ ọ́ jáde pé sẹ́ẹ̀lì tuntun ń hù nínú ọpọlọ kánárì tó ti dàgbà. Títí di ìgbà yẹn, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé ọpọlọ ẹran tó ní eegun ẹ̀yìn kì í hu sẹ́ẹ̀lì tuntun lẹ́yìn àgbà, pé ohun tó bá kú ti kú. Kánárì ló mú kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà wò, títí dé orí ọpọlọ ènìyàn.

Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá gbọ́ ìkùn ọmọ yìí lọ́sàn-án. Ọpọlọ kékeré kan ń kọ́ ara rẹ̀ níwájú wa.

Aago 4:30

Ẹ̀kẹta pa. Olóhùn-Iyọ̀ ti jẹ oúnjẹ ẹyin tó wà nílẹ̀ tán, a tún gbé òmíràn wá.

Màmá Ga tó ń gbé òdìkejì wa wá kí wa. Ẹnu ọ̀nà ló ti bọ́ sálúbàtà, nítorí wọ́n ń sin adìyẹ, wọ́n sì mọ òfin ilé wa. Òfin náà kì í ṣe ti ìgbéraga. Ní ọdún 2007, ìgbà àkọ́kọ́ tí àrùn adìyẹ H5N1 fara hàn ní Gánà, nínú oko adìyẹ kan nítòsí Tema níbí ni. Ìdọ̀tí abẹ́ bàtà lè gbé irú àrùn bẹ́ẹ̀ láti àgbàlá kan dé òmíràn.

Màmá wò wọ́n pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹyẹ tí ẹ kì í jẹ, tí ẹ kì í tà, ẹ ń se ẹyin fún un jẹ!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n tún wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n máa lọ, wọ́n ní kí n wá mú ẹyin mẹ́ta nínú ti adìyẹ wọn láàárọ̀ ọ̀la, pé abiyamọ ni abiyamọ ń jẹ́.

Aago 6:42 alẹ́

Iná mànàmáná lọ.

Òkùnkùn ti ṣú ní ìta; oòrùn ti wọ̀ láti bí ìdajì wákàtí. Fìtílà òkè kéèjì kú lójijì, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni Àbẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti mu omi. A gbọ́ ìyẹ́ rẹ̀ tó ń gbá ara mọ́ irin.

Kánárì kì í ríran nínú òkùnkùn. Abo tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ nígbà tí kò sí lórí ìtẹ́ yóò bà lé ibi tó bá bọ́ sí, yóò sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ tí kò ní ìyẹ́ kò lè fara da òtútù òru kan. Ìdí tí a fi ń jẹ́ kí fìtílà máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú láago méje nìyẹn, kó lè rí ọ̀nà padà. Ìdí nìyẹn náà tí iná kékeré tó ń lo oòrùn fi wà lára ògiri, tó máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí yàrá bá ṣókùnkùn. Ó tàn. Kò mọ́lẹ̀ púpọ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ lọ ṣí kéèjì kó gbé e sórí ìtẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í mú. Òun ló tọ́, nítorí ọwọ́ tó bá wọ inú kéèjì lókùnkùn yóò mú kí ìpayà rẹ̀ le sí i, ẹsẹ̀ lè kán, ẹyin tó kù lè fọ́. A jókòó sílẹ̀ gbogbo wa, bàbá wọn náà jókòó, kò sẹ́ni tó mira. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó kọlu igbá omi. Ó fò lẹ́ẹ̀kejì, ó bà lé igi ìsàlẹ̀. Ó dúró níbẹ̀, ó ń mí. Ọmọ mi kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi dúró. Lẹ́yìn náà ló fò sí igi òkè, ó wo apá ibi tí iná wà, ó sì bọ́ sínú ìtẹ́.

Iná NEPA, bí a ti ṣì ń pè é nílé wa bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gánà la wà, kò dé mọ́ títí aago mẹ́sàn-án fi kọjá.

Aago 8:20

Ìyá mi pè láti Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kánárì kò tó nǹkan lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n bèèrè bóyá gbogbo rẹ̀ yè.

Aago 9:45

Fìtílà kékeré la fi ka ìwé ọjọ́ náà. Mẹ́ta pa, ó ku ẹyọ kan. A kò ní fọwọ́ kàn án lọ́la. Ó lè pa láàárọ̀. Bí kò bá pa títí di ọ̀sán ọ̀tunla, a ó gbé e sí ojú iná wò, bó bá sì jẹ́ pé kò sí ọmọ nínú rẹ̀, a ó ṣì fi í sílẹ̀ nínú ìtẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan fara tì. Láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje ni a ó fi òrùka sí wọn lẹ́sẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó tóbi ju òrùka lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ keje náà ni ojú wọn á là. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀, wọ́n á jáde nínú ìtẹ́.

Ẹyin adìyẹ kan ṣoṣo ló kù nínú fíríìjì wa. Mo sọ fún ọmọ mi pé ká jí láago márùn-ún, kó bá mi sè é, kó sì lọ gba mẹ́ta tí Màmá ṣèlérí kí wọ́n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.